Àbúrò mi ń lo Tegretol, oògùn wárápá, ààwẹ̀ sì ti fẹ́ dé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ràmá (Gáà Akanbí)
Àsàláámù àlékúmù gbogbo ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 22, wárápá ti ń ṣe é láti ìgbà tó wà ní JSS3. A ti rìn ká gan-an, kò sí ibi tí wọn ò gbé e dé, kó tó di pé ẹnì kan mú wa lọ bá dókítà ọpọlọ. Láti ìgbà náà ló ti ń lo Tegretol 200, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ó ti lé lọ́dún kan ààbọ̀ báyìí tí kò ṣubú mọ́, alihamudulilahi. Wàhálà tó wá wà níbẹ̀ ni pé ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọkùnrin yìí sì ti sọ fún bàbá wa lójú gbogbo wa pé òun máa gba tọdún yìí pé, pé lọ́dún tó kọjá ojú ń ti òun bí òun ṣe ń lọ fara pamọ́ sí yàrá jẹun lọ́sàn-án bí ọmọdé. Èmi wá ń rò ó pé ṣé kó fo ti ọ̀sán ni, kó máa lo ọ̀kan ní sààrì ọ̀kan ní ìṣínu? Àbí kó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lò lálẹ́? Oògùn ọ̀hún náà tún ti gbówó lórí, Màámi tiẹ̀ ní ṣebí ara ẹ̀ ti yá, kí ló tún ń lo oògùn sí. Ẹni tó bá mọ̀ kó dá mi lóhùn, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Ọmọ Fámásì Táíwò
Wáláékúmù sàláámù, Ìyá Ràmá. Ìdí káńtà ni mo wà, bí ọ̀rọ̀ mi bá já lójijì ẹ mọ̀ pé kọ́sítọ́mà ló dé. Àkọ́kọ́ ná, ẹ má jẹ́ kó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lò pọ̀ lálẹ́ o. Á bẹ̀rẹ̀ sí rí ẹnì kan bí ẹni méjì, òòyì á kọ́ ọ, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ó sì lè bì gbogbo ẹ̀ dànù. Kó fo ti ọ̀sán náà ò dáa. Oògùn yìí kì í jókòó pẹ́ nínú ara, kódà tí èèyàn bá ti lò ó bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀dọ̀ á ti mọ̀ ọ́n lára, á wá máa jó o dànù kíákíá ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ wò ó bí iná igi, tí ẹ ò bá kó igi sí i lásìkò, á relẹ̀, ìgbà tó bá relẹ̀ yẹn gan-an ni wárápá náà máa ń wọlé.

Ọ̀nà àbáyọ wà ṣá. Tegretol tí wọ́n ń pè ní CR wà, ìyẹn máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ó, sààrì àti ìṣínu lè bá a mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo máa yí i padà fún un, kì í sì í ṣe ẹ̀yin. Dókítà tó kọ ọ́ ló máa yí i, nítorí ìwọ̀n ẹ̀ lè má bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù yìí gan-an ni kí ẹ fi lọ, ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá rí oṣù.

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ Ọ̀fà
Jẹ́ kí n fi tèmi kún un torí pé èmi gan-an ni mo ní in, ó ti tó ọdún mọ́kànlá. Ìyá Ràmá, ẹ bá mi sọ fún Màámi pé ara ò yá kó tó máa lo oògùn, oògùn ló ń lò tí ara fi yá, ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra wọn pátápátá nìyẹn. Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ó ti tó ọdún méjì tí mi ò ṣubú, iṣẹ́ ò wọlé, owó ò sí, mo ní ẹ jẹ́ kí n sinmi oògùn yìí ná. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, mo tiẹ̀ ń yangàn sí ìyàwó mi. Ọjọ́ kẹrin, ìdí máṣíìnì ni mo wà tí mò ń rán aṣọ ẹgbẹ́ fún àwọn kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ìnáwó l'Ẹ́rìn-Ilé, nǹkan tí mo tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ìyàwó mi ní ó gbé mi, ó fi mí sílẹ̀, mi ò tíì la ojú tó tún fi gbé mi, bẹ́ẹ̀ ló ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn títí wọ́n fi gbé mi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Dókítà ní tó bá ti ń tò tẹ̀ lé ara wọn báyẹn tí ẹni náà ò jí láàárín wọn, ó lè pààyàn. Ó ní ká ní díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dín in kù fún mi, bóyá ni ì bá rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ní àpá iná áyọ́ọ̀nù lápá títí dòní.

Ọ̀rọ̀ owó náà mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé tó bá ti ku ti ọjọ́ mẹ́wàá nínú páálí, mo ti ń wá owó òmíràn. Kò gbọ̀dọ̀ tán nílé kí n tó máa sáré.

ỌmọPàkátà_01
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, oògùn òyìnbó láéláé yìí ò wò ó ju kó máa dá a dúró lọ. Bàbá kan wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀dọ̀ wa níbí, àgbo ẹ̀ kì í tàsé, ọjọ́ méje péré. Ẹ dá ti òyìnbó dúró kẹ́ ẹ fún un ní ìyẹn.

Màmá Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Ọmọ mi Pàkátà, mi ò fẹ́ bá ọ jà torí mo mọ̀ pé inú rere lo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ohun tó máa ń wà nínú àwọn ìgò yẹn. Ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, àlùbọ́sà, áyù, efinrin, ni wọ́n máa ń pò pọ̀, wọ́n á rọ ọ́ sí ọmọ tí gìrì gbé lẹ́nu. Ewé tábà yẹn nìkan tó láti mú kí èémí ẹni relẹ̀, àpòpọ̀ yẹn sì máa ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. A gba ọmọ púpọ̀ wọlé tó jẹ́ pé gìrì ti dáwọ́ dúró kí wọ́n tó dé, àgbo ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn míì ò délé mọ́. Èmi ò ní gbogbo àgbo ló burú o, mo ń mu ti ibà tèmi nílé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn wárápá kò gbọ̀dọ̀ da nǹkan tí kò mọ̀ lé e lórí, kó má sì dá oògùn ẹ̀ dúró nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ méje.

Mo tún fẹ́ bẹ gbogbo ẹni tó ń kà á, tó bá gbé èèyàn lójú yín, ẹ má ki ṣíbí sí i lẹ́nu. Eyín ni yóò kán, ahọ́n kì í ṣe nǹkan téèyàn lè gbé mì. Ẹ má ti ẹsẹ̀ ẹ̀ bọ iná, ẹ má fún àlùbọ́sà sí i lójú, ẹ má dì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ẹ gbé nǹkan tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sí i lábẹ́ orí, tó bá ti rọlẹ̀ ẹ dà á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde. Kí ẹnì kan máa wo aago! Tó bá ti ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tí òmíràn tẹ̀ lé e kó tó mọ ibi tó wà, ọsibítù ni, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Itọ́ ẹnu ẹ̀ ò sì lè ran yín, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ wàyí.

ỌmọPàkátà_01
Màmá ẹ ṣeun, mi ò mọ̀ pé tábà ló wà níbẹ̀.

Àfáà Kékeré Òkè-Ọ̀yì
Mo fẹ́ dá sí ti ààwẹ̀ yẹn. Nínú Súrátùl Bákárà, áyà 184 àti 185, Ọlọ́hun fúnra ẹ̀ ló yọ aláìsàn sílẹ̀. Ẹni tí àìsàn ẹ̀ bá máa lọ, á san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí àìsàn ẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń bá a gbé, tí dókítà sì ní kó má gbà á, á máa bọ́ mìsìkíìnì, ìyẹn tálákà, kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdẹ̀ra ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa là ń fi ojú lé ẹni tí kò gbààwẹ̀, àwa la dá ọmọ yẹn lóró, kì í ṣe oògùn.

Tí dókítà bá wá gbà fún un pé kó gbà á, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ oorun. Ààwẹ̀ tiwa n'Ílọrin ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, ẹ máa ki àṣámù, ìrun alẹ́ ààwẹ̀, tán, ẹ máa jókòó sí wáàsí, ẹ ò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀ tí wọ́n ti ń jí yín sí sààrì, tó bá wá di mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn, tahajudu lóòru. Mo ní ọmọ kéú kan tó jẹ́ pé mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn yẹn ló máa ń gbé e lọ́dọọdún, kì í sì í pa oògùn jẹ, àìsùn ni. Kó sùn lẹ́yìn Súbúì, kó sùn lọ́sàn-án, kó fi tahajudu sílẹ̀ fún àwa tára wa le.

Ọmọ Fámásì Táíwò
Àfáà, ẹ kú iṣẹ́, ọ̀rọ̀ oorun yẹn ṣe pàtàkì gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ oògùn míì kún un torí mo ń rí i lójoojúmọ́. Ẹni tó ń lo Tegretol tàbí phenytoin, oògùn wárápá míì, tí ibà bá mú un, kó má kàn wọlé wá ní "ẹ fún mi ní Coartem". Coartem àti gbogbo àwọn ẹbí ẹ̀ tó ní artemether àti lumefantrine, Tegretol máa ń jẹ́ kí agbára wọn dínkù, ibà ò ní lọ, a ó máa ní ibà ọdún yìí ló le. Ẹ sọ fún wa pé ẹ ń lo nǹkan kan, ká lè bi dókítà léèrè ohun míì. Erythromycin, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, wá ń ṣe òdì kejì, òun máa ń jẹ́ kí Tegretol pọ̀ jù lẹ́jẹ̀, ni òòyì á bá dé. Ciprofloxacin tí gbogbo èèyàn ń rà fún ìgbẹ́ gbuuru lè fa gìrì. Èyí tó tún wá burú jù ni tramadol. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ẹrù lọ́jà Ìpátá, ẹni tí kò ní wárápá rí pàápàá, tramadol lè mú kó gbé e, ká tó wá sọ ẹni tó ní in. Paracetamol ni kẹ́ ẹ lò fún ara ríro.

Lásìkò ìṣínu, ọsàn wa tí à ń mu ò ṣe nǹkan, ìbẹ́pẹ náà ò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n kó yẹra fún gíréèpù, èyí tó tóbi tó korò yẹn, ó máa ń ti Tegretol sókè nínú ẹ̀jẹ̀.

Ìyàwó Àjàṣẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Epilim ni èmi ń lò, mo ti ń lò ó láti sẹ́kọ́ńdìrì. Oṣù kẹta tí mo ṣe ìgbéyàwó rèé. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ nǹkan kan ní ọsibítù tí mo ti ń gbà á, wọ́n kàn máa ń kọ ọ́ sí káàdì ni. Àná ni ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé kò dáa fún aláboyún. Ṣé kí n dá a dúró láti òní?

Ọmọ Fámásì Táíwò
Àǹtí mi, ẹ má dá a dúró lónìí o! Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ. Inú Epilim, valproate ni. Nínú gbogbo oògùn wárápá, òun ló léwu jù fún ọmọ inú. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí ìyá wọn lò ó nígbà oyún, bí ọ̀kan máa ń ní àléébù lára, bíi kí egungun ẹ̀yìn má pa dé, tí a bá sì wo ti ọpọlọ, ó lè tó mẹ́ta sí mẹ́rin nínú mẹ́wàá tó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tàbí kí wọ́n mọ̀wé. Lọ́dún 2023 àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ọ́ síta pé kí wọ́n má máa fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú fún obìnrin tó ṣì lè bímọ mọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí, ẹ lọ bá dókítà ọpọlọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de déètì inú káàdì, ẹ sọ fún un pé ẹ ti wọlé ọkọ. Oògùn wà tí wọ́n lè fi rọ́pò ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bíi lamotrigine tàbí Keppra, wọ́n á máa dín èyí kù bí wọ́n ṣe ń gbé ìyẹn sókè. Títí ìyẹn fi máa parí, ẹ fi ètò sí ọmọ bíbí. Ẹ tún bi í léèrè nípa folic acid 5mg, kì í ṣe kékeré tí wọ́n ń fún gbogbo aláboyún.

Tó bá sì jẹ́ pé oyún ti wà níbẹ̀, bákan náà ni, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ dé ọsibítù.

Màmá Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan ibi tí "ètò sí ọmọ bíbí" yẹn ti lè dá wàhálà sílẹ̀. Epilim kò bá oògùn fètò-sọ́mọ-bíbí jà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lo Tegretol, phenytoin, tàbí phenobarb, oníhóró tí wọ́n ń gbé mì àti èyí tí wọ́n ń fi sí apá, oògùn yín lè sọ wọ́n di aláìlágbára, ẹ ó kàn rí i pé oyún ti dé. Abẹ́rẹ́ Depo àti èyí tí wọ́n ń fi sí ilé ọmọ ò ní ìṣòro yẹn. Mo mọ obìnrin kan níbí tó bí ọmọ méjì lórí oògùn oníhóró, gbogbo àdúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń gbàgbé, kò gbàgbé o jàre.

Ìyàwó Àjàṣẹ́
Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á. Mo máa lọ lọ́jọ́ Ajé, UITH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìlọrin, ni mo máa gbà lọ tààrà. Ẹ ṣé gan-an.

Alákàrà Gànmọ̀
Ìbéèrè kékeré. Tí èèyàn bá gbàgbé ẹyọ kan ńkọ́? Ọmọ mi máa ń gbàgbé ti àárọ̀ tó bá pẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ Ọ̀fà
Tó bá rántí láàárín, kó lò ó lójú ẹsẹ̀. Tó bá ti fẹ́ kan èyí tó tẹ̀ lé e, kó fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, kó má lo méjì papọ̀. Bó ṣe wà nínú ìwé inú páálí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà mi sọ. Èmi so tèmi mọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, mi ò lè fọ ẹnu kí n má rí i. Fóònù tún máa ń dún. Tó bá jẹ́ pé ó ju ọjọ́ kan lọ tó ti gbàgbé, ẹ pe dókítà kó tó padà sí i, pàápàá tó bá jẹ́ lamotrigine, torí ìyẹn, téèyàn bá fi í sílẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún, wọ́n máa ń ní kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti kékeré padà ni.

Bọ́lá Tánkè
Ọ̀rọ̀ ẹ má dá a dúró yìí, ẹ jẹ́ kí n fi ibì kan yọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ Tegretol, ó tó bí ọ̀sẹ̀ kejì, ara mi sú, mo rò pé ooru ni, mo ra pódà. Lọ́jọ́ kejì ẹnu mi bó, ojú mi pọ́n, ara gbóná. Fámásì tó wà lójú ọ̀nà wa fún mi ní oògùn kòkòrò ara, wọn ò bi mí bóyá mo ń lo nǹkan kan. Àǹtí mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wọ́ mi lọ sí ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, dókítà dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ó fi òmíràn rọ́pò ẹ̀, ó ní ká ní mo tún fi ọjọ́ méjì kún un, awọ ara mi ì bá máa bó bíi ti ẹni tí omi gbóná dà sí lára. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, oṣù méjì àkọ́kọ́, kó máa wo ara ẹ̀ dáadáa. Tó bá sú pẹ̀lú ẹnu bíbó tàbí ibà, ọjọ́ yẹn náà ni kó dé ọsibítù.

Ìyá Ràmá (Gáà Akanbí)
Ẹ kú àtijọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé. A lọ ní ọjọ́rú tó kọjá. Dókítà ò bínú rárá, ó ní inú òun dùn pé a wá kí ààwẹ̀ tó dé, pé ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ni àwọn míì máa ń gbé èèyàn wá. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó ní òun fẹ́ wo iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ àti ẹ̀dọ̀, torí oògùn yẹn máa ń fa iyọ̀ wálẹ̀ nígbà mìíràn. Ó sọ ọ́ di CR lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó bí ìgbà tó bá ń gbààwẹ̀, sààrì àti ìṣínu, ṣùgbọ́n kó ṣì máa jẹun ọ̀sán ẹ̀, ká wo ọ̀sẹ̀ méjì ná. Tí kò bá sí nǹkan, kó gbà á. Ọjọ́ tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan pẹ́rẹ́, ààwẹ̀ parí. Ó tún fòfin de ọ̀kadà, ó ní kó má pọnmi ní kànga lóun nìkan.

Bàbá wa ló ṣe ohun tó yà mí lẹ́nu. Nígbà tí a dé, ó ní bí kò bá wá lè gbà á, òun náà máa jókòó tì í lọ́sàn-án níwájú ilé níbẹ̀, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó wá sọ ọ́ sí òun lójú. Ọmọ yẹn ò sọ̀rọ̀, ó kàn rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo tó kù, oògùn CR yìí tóbi díẹ̀, ṣé ó lè rún un?

Ọmọ Fámásì Táíwò
Rárá o! Tó bá ní ilà láàárín, ẹ lè gé e sí méjì níbi ilà yẹn tí dókítà bá ní kó lo ìdajì, ṣùgbọ́n kò gbọ̀dọ̀ rún un lẹ́nu, ẹ má sì gún un. Tó bá rún un, gbogbo ẹ̀ á tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó yẹ kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí di ìṣínu. Kó gbé e mì pẹ̀lú omi.

Ìyá Ràmá (Gáà Akanbí)
Yéè! Ó ti ń rún un láti ìjẹta. Abájọ tó ní ojú òun ń ṣú. Mò ń pè é báyìí.